Eré Oníṣẹ́jú Mẹ́ta Tí Mo Fi Wá Bàbá Ọkọ Mi Níjà

Odidi ọdún méjì ni bàbá ọkọ mi fi nà mí nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì, tí wọn ò jẹ́ kí n borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo Sátidé, bí a bá ti kí ìrun Àsárì tán, wọ́n á ní kí n gbé pátákó jáde sí fàráńdà ilé wọn ní Ìkirè, níbi tí gbogbo wa ń gbé. Àwa méjèèjì á jókòó, wọ́n á nà mí, a ó sì wọlé lọ jẹun. Akọ̀wé kóòtù ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Adájọ́ kan tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ló kọ́ wọn ní eré náà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé àwọn padà na adájọ́ ọ̀hún. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé, ṣẹ́ẹ̀sì ò sì wù ú rárá. Èmi tí wọ́n gbé wọlé ni Bàbá rí mú.

Ẹni tí kò bá mọ ṣẹ́ẹ̀sì, kó sáà mọ̀ pé ogun orí pátákó ni. Oníkálukú ló ní ọba kan, ayaba kan, ẹṣin méjì, bíṣọ́ọ̀bù méjì, kásù méjì tó dúró ní igun bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àti àwọn ṣọ́jà kéékèèké níwájú. Ẹni tí ọba rẹ̀ bá há, tí kò ríbi sá sí, ó ti pàdánù nìyẹn.

Ìṣòro tèmi ni pé mo máa ń ronú jù. Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àpòmù, mo sì gbà pé bí èèyàn bá ti tẹjú mọ́ ohun kan pẹ́, ìdáhùn á jáde dandan. Bó bá kàn mí láti ta, mo lè fọwọ́ lẹ́rán fún ogún ìṣẹ́jú. Bàbá á gé èékánná wọn. Wọ́n á gbọ́ ìròyìn lórí rédíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n á wọlé lọ mu omi, wọ́n á padà bá mi bí wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀.

"Ìyàwó mi," wọ́n á ní, "ṣé o ti bí i ni, àbí o ṣì ń rọbí?"

Lẹ́yìn gbogbo ìrònú yẹn, mo máa wá gbé ayaba mi lọ síbi tí ẹṣin wọn ti lè jẹ ẹ́. Bàbá á gbé e wẹ́rẹ́, wọ́n á kó o mọ́ àwọn tí wọ́n ti jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa mì wọ́n lọ́wọ́ woroworo bí ọmọ ayò. Ariwo yẹn ló ń dùn mí jù. Mo sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n bá mi ṣeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ láti ilé ìwé jò ní táyà, a ò sì tíì kúrò ní Àpòmù. Oníkẹ̀kẹ́ tì í lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń gbá nǹkan gbà, gbà, gbà. Mo rò pé wọ́n ń jà ni. Mo yọjú wò, mo rí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì lórí páálí, fóònù kan fẹ̀yìn ti bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà náà àti dírẹ́bà kan jókòó síra, wọ́n ń gbé, wọ́n ń jù, wọ́n sì ń gbá fóònù náà bíi pé ó ṣẹ̀ wọ́n. Kí n tó ka ọgọ́rùn-ún méjì, dírẹ́bà ti dìde, ó ń mi orí.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà náà lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá dáko kòkó lápá Ìkòyí ẹ̀gbẹ́ Àpòmù kí wọ́n tó bí i. Agùnbánirọ̀ kan tó gba yàrá nítòsí wọn nígbà kan ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ó fi gọ́ọ̀mù pa túùbù kẹ̀kẹ́ wa, ó gbé e sóòrùn, ó wá wò mí.

"Ẹ ń wo pátákó bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ lè ta?"

Mo ní mo lè ta díẹ̀.

"Gọ́ọ̀mù yìí gbọ́dọ̀ gbẹ kí n tó lè lẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Mẹ́ta tiyín, mẹ́ta tèmi. Bí ẹ bá ti ta tán, ẹ tẹ apá tiyín lára fóònù, aago tiyín á dúró, tèmi á máa lọ. Ẹni tí aago rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ti kú nìyẹn. Ẹ jókòó, Àǹtí Tíṣà."

Ó ti rí ṣọ́ọ̀kì lára aṣọ mi. Mo jókòó. Mo ta ẹ̀ẹ̀kan, mo ta ẹ̀ẹ̀kejì, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí mo ṣe máa ń ronú ní fàráńdà Bàbá. Àfi bí fóònù ṣe pariwo. Mo wo pátákó, nǹkan mi kan ò tíì sọnù.

"Àǹtí Tíṣà," ọkùnrin náà ní, "ogun ti parí, àwọn ṣọ́jà yín ò tíì jáde ní báráàkì."

Oníkẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Nígbà tí wọ́n lẹ táyà tán, mo ní kí ó máa lọ. Mo ní mo ṣì ní iṣẹ́ díẹ̀ láti ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀meje ni ó nà mí lọ́jọ́ náà. Bàbá ọkọ mi ì bá ti lo nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n tó nà mí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ní òfin kan. Bó bá ti nà mí tán, kí ó tó to pátákó padà, á bi mí pé, "Ibo ló ti bàjẹ́?" Gbólóhùn kan péré ni mo gbọ́dọ̀ fi dáhùn, a ò sì gbọdọ̀ jiyàn lé e.

"Mi ò mọ̀," mo ní lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì.

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ò fẹ́ sọ ọ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń yà sọ́dọ̀ alátáyà ní gbogbo Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Bí wọ́n bá bi mí nílé, mo máa ní lẹ́sìnnì ni mo ní. Irọ́ kọ́. Lẹ́sìnnì ni lóòótọ́, mi ò kàn sọ pé èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni. Mo ń kọ àwọn ìdáhùn mi sí ẹ̀yìn ìwé nóòtì tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jókòó ní yàrá àwọn tíṣà, mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ẹṣin fẹsẹ̀ kan halẹ̀ mọ́ ọba mi, ó fi èkejì halẹ̀ mọ́ kásù mi. Ẹṣin, ọba, kásù. Ẹṣin, ọba, ayaba. Mo gbàgbé ẹṣin. Mi ò wo ẹṣin. Nínú bí ọgbọ̀n eré tí mo pàdánù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí mẹ́wàá tí kì í ṣe ẹṣin ló pa mí.

Mo pa ìwé náà dé. Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ ọmọ tó bá ṣi ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀mejì! Ọdún méjì ni mo fi rò pé onírúurú ọ̀nà ni Bàbá fi ń nà mí. Ó wá yé mi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni, pé mo kàn ń pẹ́ lórí eré kọ̀ọ̀kan débi pé n kì í rántí bí èyí tó ṣáájú ṣe parí. Eré oníṣẹ́jú mẹ́ta kò fún mi láyè láti gbàgbé. Ó ń fi àṣìṣe kan náà gbá mi lójú lẹ́ẹ̀meje lọ́sàn-án kan.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ fún dòdò tí wọ́n ń dín tà nígbà tí mo wọlé kí wọn. Wọ́n wo ọwọ́ mi tó dúdú fún rọ́bà.

"Lẹ́sìnnì wo ni wọ́n ń fi táyà ṣe?"

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n wá fi etí ìró bo ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ mi sílé yìí ni mo ti ń gbọ́ ìtàn adájọ́ yẹn," wọ́n ní. "Lọ kọ́ ọ dáadáa. Mi ò ní sọ fún wọn."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rò pé ọjọ́ tèmi ti pé. Bàbá ta, mo ta. Kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò, mo ti ta òmíràn. Ara mi ń gbóná, mo ń rí gbogbo nǹkan. Àṣé ọwọ́ ni mo fi ń wò ó, ojú kọ́. Bí mo bá ti ta tán báyìí, ọwọ́ mi á gbá ẹ̀gbẹ́ tábìlì gbà, níbi tí fóònù ì bá wà. Bàbá fojú bá ọwọ́ náà lọ, wọ́n fojú bá a bọ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé eṣinṣin lò ń pa ni?"

Kí omi tí Ìyá gbé ka iná tó hó, Bàbá ti nà mí. Kò tíì yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n mi àwọn nǹkan mi lọ́wọ́ woroworo títí ìrun Mọ̀gáríbì.

Nígbà tó di Ìṣẹ́gun, mo lọ bá ọkùnrin alátáyà náà jà. Mo ní ó ti ba eré mi jẹ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ táyà nínú omi, ó ń wá ibi tó ti ń jò, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ta ló ní kí ẹ máa sáré níbi tí kò sí aago? Níbí, ẹ wá wá ibi tí ẹ ti ń jò ni. Bí ẹ bá rí i tán, ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ nílé, ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń sáré lójoojúmọ́ tí kò jókòó lẹ nǹkan kan, á kàn máa jò kiri ni."

"Kí ni kí n wá ṣe lọ́jọ́ Sátidé?"

"Ẹ jókòó lé ọwọ́ yín."

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Mo pinnu pé mi ò ní yọ wọ́n síta títí màá fi wo ibi tí ẹṣin Bàbá méjèèjì lè fò dé. Bí mo bá ti wò ó, mo máa ta. Mi ò tún fọwọ́ lẹ́rán fún ogún ìṣẹ́jú mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí pátákó ni mo ti rí rí lábẹ́ páànù Àpòmù. Bàbá ní, "Ṣé òtútù ń mú ẹ ni?" Mo ní rárá, Bàbá. Wọ́n ṣì nà mí, ṣùgbọ́n ó le kí wọ́n tó rí mi nà, wọn ò sì mi nǹkan kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n wọlé.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀. Wọ́n ní oko làwọn ń lọ wò. Mi ò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ kì í ṣe aṣọ oko.

Ó di ọjọ́ tí àwọn ọmọ parí ìdánwò, wọ́n tú ilé ìwé ká kó tó di aago mọ́kànlá. Mo yà sọ́dọ̀ alátáyà. Èrò bọ́ọ̀sì kan tó jò lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán pọ̀ níbẹ̀, wọ́n yí pátákó ká. Mo na ọrùn. Mo rí ẹ̀yìn bàbá àgbàlagbà kan, mo rí fìlà tí mo fọ ní ọjọ́ Àìkú, mo rí ọ̀pá tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ wa. Bàbá ọkọ mi gbé bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n gbá fóònù náà débi pé ó ṣubú kúrò lára bíríkì.

Ọkùnrin alátáyà rí mi. Ojú rẹ̀ là, ó tẹ orí ba. Mo rọra gba àárín èrò kọjá, mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn Bàbá.

"Ẹ kú iṣẹ́ oko o, Bàbá."

Bàbá ta gìrì. Wọn ò lè ta mọ́, fóònù sì pariwo pé àkókò wọn ti tán.

"Táyà ló jò," wọ́n ní.

Mọ́tò Bàbá ti wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé láti ọdún mẹ́ta, táyà kan ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo kọjú sí ọkùnrin alátáyà. "Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ bi mí ni? Àwọn náà ò bi mí." Ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin sàn jù wọ́n lọ. Bí mo bá bi wọ́n pé ibo ló ti bàjẹ́, aago mi ni wọ́n máa ń sọ pé ó bàjẹ́."

Àwọn èrò bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé fìlà wọn sọ́tùn-ún, wọ́n gbé e sósì, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí àga tó wà níwájú wọn.

"Jókòó."

Mo jókòó. Mo ti bá Bàbá jókòó bóyá ní ọgọ́rùn-ún Sátidé, mi ò bá wọn sáré rí. Bí aago ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo rí ohun tí mi ò rí ní gbogbo ọdún méjì: bí àkókò kò bá tó fún Bàbá, wọn kì í lè fi ayaba wọn sílé. Ó ti ń rìn kiri àárín pátákó kí àwọn ẹṣin rẹ̀ tó jí. Nílé, wọ́n máa ń jókòó tẹ ìwà náà mọ́lẹ̀. Mo fi ẹṣin mi wọ àárín pátákó, mo fò lẹ́ẹ̀kan, mo fò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bọ́ síbi tí mo ti halẹ̀ mọ́ ọba àti ayaba wọn pa pọ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀kì, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọ́n gbé ọba wọn kúrò, mo gbé ayaba wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pẹ́ mọ́. Èrò pariwo. Obìnrin kan tí kò mọ ọba yàtọ̀ sí kásù ń kí mi kú oríire. Ọkùnrin alátáyà tẹ̀ síwájú, ẹ̀rù ń bà á díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ibo ló ti bàjẹ́?"

Bàbá wo pátákó.

"Ayaba," wọ́n ní. "Mo tètè gbé e jáde."

A jọ wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ìkirè. Bí a ṣe wọlé ni àwa méjèèjì kọrí sí ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wo èmi, wọ́n wo Bàbá, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ ní ẹ ò ní sọ fún wọn," mo ní.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ fún àwọn náà pé mi ò ní sọ fún ẹ pé wọ́n ń lọ. Ẹ̀jẹ́ méjì ni mo jẹ́, mo mú ọ̀kan ṣẹ. Kí lẹ tún fẹ́?"

Sátidé mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó na Bàbá ní fàráńdà, láìsí aago, láìsí ariwo. Ó gbà wá tó wákàtí méjì. Nígbà tí ọba wọn há, wọ́n fi ìka kan tì í ṣubú jẹ́jẹ́. A wọlé lọ jẹun. Bàbá bu òkèlè àkọ́kọ́, wọ́n ní iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀ náà. Iyọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Mo dìde lọ gbé iyọ̀ wá, mo sì ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ojú ọ̀nà.

Báyìí, a ń na ara wa ni. Ọwọ́ wọn ṣì gbó ju tèmi lọ nínú eré pẹ̀lẹ́, èmi ni mo ń borí jù bí aago bá wà níbẹ̀. Ọkọ mi ra fóònù tuntun fún wọn, wọ́n sì fi áàpù ṣẹ́ẹ̀sì kan sí i, èyí tí wọ́n lè fi bá ẹni tí wọn ò mọ̀ ta. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá á kọ́kọ́ kí ẹni náà sókè ketekete pé ó kú ìrọ̀lẹ́, ṣé ilé dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbọ́ wọn. Ẹnì kan wà tí wọ́n ń bá ta jù. Wọ́n ti sọ fún mi nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní olóríkunkun ni, kò ní làákàyè púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìforítì.

Èmi ni. Mo fi orúkọ ọkùnrin kan tí mo hùmọ̀ forúkọ sílẹ̀, inú yàrá mi ni mo sì ti ń bá wọn ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ké sí mi láàárín eré pé kí n wá wo bí wọ́n ṣe há ọkùnrin náà mọ́. Mo ki fóònù mi bọ àpò, mo jáde, mo dúró lẹ́yìn wọn. Èmi ló kàn láti ta. Mo ń wo aago mi lójú fóònù Bàbá, ó ń lọ: ogójì ìṣẹ́jú àáyá, ogún, mẹ́wàá. Mi ò lè mira. Ó tán.

"O rí i?" Bàbá ní. "Ẹ̀rù ló bà á."

"Òótọ́ ni, Bàbá," mo ní. "Ẹ̀rù bà á gan-an."